Eré Ìdárayá Tó Mú Ìyá Alábẹ́rẹ́ Kúrò Nídìí Maṣíìnì

Láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún oníbàárà, Ìyá Alábẹ́rẹ́ á ti àga sápá kan, á gbá èérún aṣọ kúrò nílẹ̀, á wá na gbalaja sórí táìlì. Á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ irin maṣíìnì ńlá kí wọ́n má baà gbéra. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní Kékeré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, á dúró tì í, á máa bá a ka iye ìgbà tó dìde jókòó tó sì tún fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Láti ìgbà náà, ooru á kàn bò ó lójijì níbi tó ti ń gé aṣọ, òógùn á sì wẹ̀ ẹ́. Ikùn rẹ̀ náà ń yọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń fi téèpù wọn ìbàdí oníbàárà kò lè ṣe kó má wọn tirẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì wọ̀n ọ́n ni ojú rẹ̀ máa ń fà ro.

Kékeré ló dá àbá náà. Ó rí ọmọbìnrin kan nínú fóònù tó ń dùbúlẹ̀, tó ń dìde fùú, tí ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi tábìlì ìlọṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Ọgọ́rùn-ún péré láràárọ̀.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ wa maṣíìnì fún ọgbọ̀n ọdún? Kí ló fẹ́ pa yín?”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Alábẹ́rẹ́ fọwọ́ di ẹ̀yìn mú. “Kékeré, ẹ̀yìn yìí ń dùn mí o.”

“Ọ̀rá ló ń yọ́ yẹn. Tí kò bá dùn yín, á jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó ku mẹ́wàá.”

Ó gbà á gbọ́. Ta ni ì bá tún gbà gbọ́ bí kò ṣe ọmọ ìyá rẹ̀? Ó ṣe mẹ́fà nínú mẹ́wàá náà. Bó ṣe ní kóun dìde fún ekeje, nǹkan dún pọ́ọ́ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kàn nawọ́ sí Kékeré, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Eegun kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ti rún. Obìnrin fisíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń tọ́jú iṣan àti eegun, ló jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé.

“Ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é?” Kékeré bi í, ó ń sunkún.

“Àìmọ̀ ni, mà. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ẹ gbọ́ mi. Họ́mọ́ònù kan wà tó ń bá obìnrin ṣọ́ eegun. Bí nǹkan oṣù bá ti ń lọ sópin, òun náà á máa dín kù, eegun ẹlòmíràn á sì máa fúyẹ́ láìjẹ́ kó mọ̀. Ti Màmá ti fúyẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ń ká ẹ̀yìn náà síwájú tagbáratagbára, ọgọ́rùn-ún ìgbà lójúmọ́.”

“Ṣé ká má ṣeré ìdárayá mọ́ ni?”

“Rárá o! Ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe é. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ni kò dáa.”

Obìnrin náà tẹ́ ẹní tó nípọn, ó sì dùbúlẹ̀ fún wọn. “Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń mí síta, ẹ rọra fa ìsàlẹ̀ ikùn wọlé. Ẹ má sé èémí. Ẹ wá rọra na ẹsẹ̀ kan, kí gìgísẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ tó na èkejì. Orí àti èjìká ò ní kúrò nílẹ̀. Mẹ́jọ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.”

“Èmi wá ńkọ́?” Ìyá Alábẹ́rẹ́ béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Ìgbà wo ni mò ń padà sídìí maṣíìnì?”

Obìnrin náà dìde lórí ẹní, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Eegun yẹn á jinná, mà. Ṣùgbọ́n kò ní rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìjókòó láti àárọ̀ dalẹ́, tẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ ò ní lè ṣe é mọ́.”

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Ìyá Alábẹ́rẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò lè jókòó tó ìdajì wákàtí. Ó gbé maṣíìnì ńlá lé Kékeré lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ooru bo Kékeré náà níbi tó ti ń ránṣọ, òógùn ń kán sórí aṣọ oníbàárà.

“Ó ti dé bá ìwọ náà,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Lọ́la, lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò kó o tó dùbúlẹ̀ ṣe ohunkóhun.”

Kékeré kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí.”

“Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Iṣẹ́ mi ló ń dùn mí.”

Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí nǹkan oṣù yín bá ti ń ségesège tàbí tó ti dúró, ẹ rí elétò ìlera kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá ikùn, kẹ́ ẹ sì béèrè nípa eegun yín. Ẹ má dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle lásán. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ nǹkan kẹ́ ẹ máa fipá dìde. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fọwọ́ ti ara yín sókè, kí òòyì má baà kọ́ yín. Bí ìtọ̀ bá ń jò, tàbí ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ lọ fara han dókítà. Ìrora kì í ṣe ọ̀rá tó ń yọ́.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ kò rí ẹni sọ èyí fún un lásìkò. Ẹ̀yin ti gbọ́ o.