Onígìtá Tí Ràfátù Yàn

Orí ẹrù nínú kàmíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù Àjàṣẹ́, ni Ràfátù ti kọ́kọ́ rí i, ní ọdún kejì òmìnira: ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú, ó gbá gìtá mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ràfátù ń ta ata lọ́jà Ìfànyìn níbi tí ọkọ̀ náà dúró sí, ó sì fi gìtá náà ṣẹ̀fẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ yẹn ti jẹun?"

"Kò tíì jẹun. Ìyá rẹ̀ ni mò ń wá."

Ẹ̀rín sọ nídìí ata.

Múdàṣírù ni, ọmọ ìlú Lagbé. Ó ń bá ẹgbẹ́ olórin Cyprien káàkiri, láti Kútọnu dé Lomé. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sinmi, ọ̀dọ̀ Ràfátù ló ń bọ̀, títí ẹ̀fẹ̀ fi di ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n Ràmọ́nù, bàbá Ràfátù, kọ̀ jálẹ̀. "Olórin kì í gbélé. Tó bá fẹ́ ọmọ mi, kó gbé ọkọ́."

Múdàṣírù gbé ọkọ́. Ó fi gìtá kọ́ ògiri, ó roko ẹ̀gẹ́ fún ọdún méjì gbáko. Inú bàbá dùn, ó dájọ́ yìgì. Ràfátù nìkan ló rí i pé ẹni tó ń pa òun lẹ́rìn-ín ti dákẹ́, pé bó bá jókòó, ìka rẹ̀ á máa jó lórí èèkù àdá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n so yìgì, Cyprien dé.

"Bọ̀n, ó dáa, Múdà, oṣù mẹ́ta péré: Lomé, Àkrá, Àbíjàn. A ò rí ẹni tó lè dípò rẹ."

"Mo ti ṣèlérí fún bàbá," ni Múdàṣírù wí, ó sì yíjú sẹ́yìn.

Ràfátù, tó wà nítòsí, rí omijé lójú rẹ̀. Ó fa ìborùn bo orí, ó gba ilé lọ, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Onígìtá ni mo fẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi mí fún yìí, ìbànújẹ́ ti fẹ́ gbé e mì."

"Bó bá lọ tí kò padà ńkọ́?"

"Ẹni tó fara da oko ọdún méjì nítorí mi, oṣù mẹ́ta ò lè gbé e sọnù."

Bàbá ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ dé ìparí. Ó gbé e sílẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ojú ló ń tì mí. Jẹ́ kí wọ́n so yìgì lọ́la, kó lọ, kó bọ̀."

Wọ́n so ó. Múdàṣírù lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló yẹ kí oṣù mẹ́ta pé. Ní Àlàmísì, Ràfátù ń sá ata lójúde, ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó mi."

"Ẹ ti yá jù!"

"Àárò rẹ ló lé mi bọ̀."

Ràfátù fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀, kò lè ṣe é. Ó jókòó sórí àpótí, ó bojú, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Múdàṣírù jókòó tì í títí ọkàn rẹ̀ fi rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀.