Ọ̀wẹ̀ Nínú Ọgbà Tinúadé

Obìnrin náà lóṣòó sínú ọgbà, ó kọ ẹ̀yìn sí títì, kò sì mira. Aṣọ tó wọ̀ lọ sílé-ìwé ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òdòdó funfun àti pupa sì yí i ká títí dé èjìká. Akínbọ̀wálé, mẹkáníìkì iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀, ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú oṣù kẹfà ọdún 1974. Ó rò pé nǹkan ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ ń wá? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹ máa lé e lọ."

Ó nawọ́ sí ẹ̀ka kan. Akínbọ̀wálé wò ó títí kó tó rí agẹmọ kan tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tó ń rò ó bóyá kó gbé e síwájú. Ní Oǹdó tí wọ́n ti bí i, ẹni tó bá rí agẹmọ nínú ọgbà, òkúta ló ń wá. Obìnrin yìí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Akínbọ̀wálé kò wo agẹmọ náà pẹ́. Ẹni tó ń wo agẹmọ ló wò pẹ́.

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Àbí ẹ̀yin lẹ̀rù ń bà, bọ̀dá?"

"Èmi kẹ̀? Mẹkáníìkì ni mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tinúadé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà nílé ní Èkìtì, òun sì ń gbé lọ́dọ̀ baba rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá, akọ̀wé ìjọba tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, òdòdó ni Tinúadé gbìn sí gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan máa ń wá mu omi inú rẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tannáposó ló fẹ́ràn jù, nítorí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tanná, nígbà tí òun náà bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọ̀ṣọ́dì ni Akínbọ̀wálé ń gbé, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀nà ilé rẹ̀ rárá, síbẹ̀ kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n jọ ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn òjò. Wọ́n jọ wo àwọn ẹ̀ga tó ya ọ̀pẹ aládùúgbò wọn sí wẹ́wẹ́ kọ́lé. Ó ń pe Tinúadé ní Ìyá Agẹmọ, Tinúadé á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a léjìká. Nígbà tó di Kérésìmesì, Tinúadé mú un lọ han baba rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá wò ó látòkè délẹ̀, ó ní òun á rò ó.

Ọyẹ́ dé. Tannáposó rọ, àwọn igi rẹ̀ gbẹ, wọ́n ṣubú lu ara wọn. Labalábá ò wá mọ́. Tinúadé ò fọwọ́ kàn án, nítorí ó mọ̀ pé iṣu rẹ̀ wà láàyè nísàlẹ̀ ilẹ̀, àti pé àwọn alángbá àti ìrẹ̀ ló fi ewé gbígbẹ náà ṣe ilé. Nígbà tí oṣù kìíní ń parí lọ, ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Èkìtì.

Akínbọ̀wálé rí àyè. Nílùú tiwọn, ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá kò lóko ní Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n igbó gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ sì ni Akínbọ̀wálé. Ohun tó mọ̀ ni pé èèyàn á ṣán ilẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, á sun ún, kí òjò tó dé. Á tẹ́ baba lọ́rùn, á sì tún ilẹ̀ ṣe de ọmọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ kó àdá dé láàárọ̀ Sátidé. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ṣán gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n sì ti dáná sun ún. Inú baba dùn débi pé ó ra ẹlẹ́rìndòdò fún wọn.

Eérú ni Tinúadé bá nígbà tó dé.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Akínbọ̀wálé rẹ ni," baba rẹ̀ dáhùn. "Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́."

Nígbà tí Akínbọ̀wálé yọjú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, tó ń retí ọpẹ́, Tinúadé dúró sáàárín eérú náà.

"Akin, ṣé o bi mí?"

"Mo rò pé ó ti kú ni."

"Bàbá mi lo fẹ́ kó yìn ọ́. O ò rántí èmi rárá. Máa lọ."

Ó lọ. Ó dùn ún gan-an, ó sì dun Tinúadé náà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lágídí.

Àkókò yẹn gan-an nìjọba fi owó kún owó òṣìṣẹ́, tí gbogbo Èkó ń ra tẹlifíṣàn. Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá ò ra tẹlifíṣàn. Ó wo ilẹ̀ mímọ́ tí wọ́n ṣán sílẹ̀ fún un, ó rántí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń wá yàrá kiri, ó sì ra síméǹtì. Ó ránṣẹ́ pe Akínbọ̀wálé.

"Mo fẹ́ kọ́ yàrá díẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà, kí ẹbí rẹ wá tọrọ ìyàwó."

Ohun tí Akínbọ̀wálé ti ń retí láti Kérésìmesì nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mo ti ṣẹ Tinúadé lórí ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní gbé ṣọ́bìrì síbẹ̀ àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí n gbé e."

"Ó dáa. Wá ìyàwó lọ síbòmíràn."

Tinúadé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sá tẹ̀ lé e.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Láàárín eérú, tannáposó tún yọrí, ó tutù yọ̀yọ̀. Tinúadé bẹ baba rẹ̀ títí.

"Ṣé òdòdó máa ń san owó ilé ni?" baba rẹ̀ bi í.

Ó mọ baba rẹ̀. Ilé náà á dúró. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀ṣọ́dì, ó sì kan ilẹ̀kùn Akínbọ̀wálé.

"Gbé ṣọ́bìrì rẹ."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣu tannáposó la fẹ́ hú, kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù lé e lórí."

"Níbo la fẹ́ tún un gbìn sí?"

"Ibi tí a bá jọ ń gbé. Àbí o ò fẹ́ bá mi gbé mọ́?"

Akínbọ̀wálé ń wá ṣọ́bìrì lábẹ́ ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà.

Wọ́n gbẹ́ títí. Iṣu náà wọlẹ̀ jìnnà, òjò sì ń rọ̀ wínníwínní sí wọn lára. Nígbà tí Tinúadé ń gbìn wọ́n, okùn ló fà kí wọ́n lè wà lórí ìlà kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe lóko ilé-ìwé, nítorí náà kòtò wọn ń lọ gbọnrangandan. Baba gbé agboòrùn jáde pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló ní kí ọkùnrin yìí wọ ọgbà mi?"

"Èmi ni, sà," Tinúadé wí. "Òdòdó mi ló ń bá mi hú."

Baba wo kòtò náà. Ó rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí bíríkìlà tó fẹ́ kọ́ yàrá náà ní kí ìpìlẹ̀ gbà gan-an ni. Kì í ṣe ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó jìn sí i níhà ọ̀hún," ó wí. Ó yí padà, ó dúró díẹ̀. "Akínbọ̀wálé, kí ẹbí rẹ wá ní Sátidé."

Akínbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì. Tinúadé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dìde, ọkọ mi," ó wí. "Iṣu ṣì kù nílẹ̀."