Àga Ẹ̀gbẹ́ Ilẹ̀kùn

Òkú náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àlàáfíà. Àmì-ẹ̀yẹ kún àyà rẹ̀. Páálí ni gbogbo wọn.

Ìyá Ò-gbà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, torí ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́kọ́ wá sọ fún un, "n ò gbà" ni èsì rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Olórí orílẹ̀-èdè kejì ni," ọkùnrin kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ní ta ni. N ò bi yín ní ohun tó ń fi ara rẹ̀ pè."

Ọkùnrin náà gbé ọrùn sókè. Olùdarí eré ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun rí. Gíláàsì ojú rẹ̀ ló fi joyè.

Ó ṣàlàyé bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Eré olórin ni wọ́n ń ṣe, eré tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó dá lórí ìpàdé kan láyé ọjọ́un, nígbà tí olórí orílẹ̀-èdè méjì tó ń bára wọn jagun jókòó sídìí tábìlì kan, tí wọ́n gbé ife sókè, tí ogun sì parí. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣí i fún aráyé. Ìdánrawò ìkẹyìn ni ti ọ̀sán yìí. Olórí tó gbàlejò àti olórí tó ṣàlejò jọ mu ohun tó wà nínú ife wọn tán, ni àlejò bá ṣubú. Ọmọ tó kú yìí ló ń fẹnu kọ orin àlejò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Akọ̀wé Orin, ẹni tó kọ gbogbo orin eré náà sílẹ̀.

Oníṣègùn ọlọ́pàá gbé ife tó wà níwájú àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn símú.

"Oògùn oorun olómi ni. Kò sí nínú ife kejì. Ẹni tí àyà rẹ̀ dá ṣáṣá ìbá sùn bí òkúta di ọ̀túnla, kó sì jí. Àyà eléyìí ni kò gbà á."

"A kúkú ti mú ẹni tó ṣe é," Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ. Ó na ìka sí obìnrin kan tó jókòó lórí àpótí, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, oyún níwájú. Ìyàwó káfíńtà ni, òun ló ń tọ́jú ohun èlò orí ìtàgé. "Òun ló bu ohun mímu. Ẹ máa mú un lọ, ká lè gbálẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtàkì ń bọ̀ lọ́la."

"N ò gbà," Ìyá Ò-gbà wí.

Ó jókòó ti obìnrin náà.

"Ìyàwó, kí lo ṣe?"

"Mà, tíì tútù tí kò ní ṣúgà ni mo bù sí ife méjèèjì. Mo fi àwo bò wọ́n, mo lọ jẹun. Kí ni mo fẹ́ fi ikú ọmọ yẹn ṣe? Nínú gbogbo wọn níbí, òun nìkan ló máa ń kí mi."

"Nígbà tó ṣubú ńkọ́?"

"Gbogbo wa figbe ta. À ń pè é, à ń ní 'kí ló ṣe é, kí ló ṣe é'. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìjókòó iwájú, níbi tí àwọn òǹwòran máa ń jókòó sí. Ó fò dìde, ó ní, 'Ta ló jókòó síbẹ̀?' Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ọ̀ràn náà ti dà á lórí rú, mà." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Oyún mi ti pé oṣù rẹ̀. Ṣé inú àtìmọ́lé ni mo máa bímọ sí?"

Inú bí Ìyá Ò-gbà. Kì í ṣe sí obìnrin náà. Ó wo àwọn tó kù bí wọ́n ṣe tò lórí ìtàgé nínú ẹ̀wù ìjọba tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó bu omi fún aboyún.

Ó ṣí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ó wọ yàrá ìmúra lọ.

Ohùn Idẹ ló bá níwájú dígí. Òun ló ń kọ orin olórí tó gbàlejò. Ó ń nu àtíkè kúrò lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ohun tó ń rí.

"Ta ló kórìíra olóògbé?"

"Ọmọ yẹn? Kò sí. Bí ẹ ń wá ẹni tí wọ́n kórìíra, èmi nìyí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka oríkì ara rẹ̀. "Mo gbọ́ orin jù wọ́n lọ. Orin ìdágbére gígùn kan wà lẹ́nu ọmọ yẹn ní ìparí eré. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni Akọ̀wé Orin kò ti kí mi mọ́."

"Kí lẹ rí nínú orin náà?"

"Ó gùn jù."

Ojú rẹ̀ kúrò lára dígí nígbà tó sọ ìyẹn. Ìyá Ò-gbà rí i. Irú ọkùnrin yẹn kì í ṣàdédé gbójú kúrò lára ara rẹ̀.

Nínú ọ̀nà àárín, ó pàdé bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀. Ògbufọ̀ ni bàbá náà nígbà èwe rẹ̀. Ó wà ní ìpàdé àlàáfíà náà gangan, láàrin olórí méjèèjì, ìyẹn ni wọ́n ṣe pè é láàárọ̀ yìí kó wá bá wọn yẹ eré náà wò.

"Ẹ rí àṣìṣe kankan, Bàbá?"

"Ńlá! Wọ́n fi àlejò sọ́wọ́ òsì onílé. Ọwọ́ ọ̀tún onílé ni àlejò ń jókòó sí. Ó kù díẹ̀ kí ogun tún bẹ̀rẹ̀ nítorí àga yẹn láyé ọjọ́un."

"Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kú lójú ogun, àga lẹ̀ ń jà sí?"

"Àga ni, mà." Ojú kò tì í rárá.

"Kí wá ni wọ́n ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Wọn ò gbé àga. Àwọn akọrin ló gba ipò ara wọn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ọmọ yẹn ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, òun ló bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Onígbéraga tó ń ṣe onílé yẹn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Ta ló mọ̀?"

"Olùdarí, àwọn méjèèjì, aboyún yẹn, èmi."

"Akọ̀wé Orin ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn onífèrè."

Ó bá Akọ̀wé Orin nínú yàrá kékeré kan. Ó jókòó, ó di ojú. Ẹkún ti wú ìpéǹpéjú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì fẹ́ ṣe Ìyá Ò-gbà díẹ̀, àfìgbà tó la ẹnu.

"Ìwọ ni wọ́n rán sí irú ọ̀ràn yìí?"

"Èmi náà ni. Ẹ kú ìrọ́jú o. Kí lẹ rí nígbà tó ṣubú?"

"N kì í wo akọrin. Ojú máa ń ba ti etí jẹ́. Bí orin mi bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń di ojú mi títí yóò fi parí."

"Àní ti àbúrò yín?"

"Àní tirẹ̀."

Ìyá Ò-gbà mí kanlẹ̀. "Ẹ tún gbìyànjú kẹ́ ẹ sùn lálẹ́ òní."

"Oorun kì í kun irú wa. Láìsí oògùn, mi ò lè fojú kan oorun." Ìgbéraga wà nínú rẹ̀, bí ẹni pé àìsùn jẹ́ oyè.

"Níbo ni oògùn náà wà?"

Ọwọ́ rẹ̀ ti kan àpò ẹ̀wù rẹ̀ kó tó rántí. Ó dá ọwọ́ náà dúró síbẹ̀.

Ìyá Ò-gbà ní kí gbogbo wọn wá sórí ìtàgé. Ó gbé ìgò oògùn tó gbà lápò Akọ̀wé Orin lé tábìlì àlàáfíà. Ìgò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

"Ẹni tí gbogbo yín fẹ́ràn ló kú," ó ní. "Ẹni tí gbogbo yín kò lè rí sójú wà láàyè, ó ń wo dígí. Mi ò gbà pé bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀ nìyẹn. Ife ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n da oògùn sí, nígbà tí ìyàwó yìí lọ jẹun. Àárọ̀ yìí sì ni àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn di ti ọmọ yẹn. Ohùn Idẹ ló ń jókòó síbẹ̀ látọjọ́ yìí wá. Ẹni tó da oògùn kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀. Ẹni tó ni ìgò yìí kò mọ̀, ìsàlẹ̀ ló wà. Ká ní ó la ojú nígbà tí orin ń lọ ni, ìbá rí i, ìbá pariwo kí àbúrò rẹ̀ tó gbé ife sẹ́nu. Ó di ojú, ó ń gbádùn ara rẹ̀."



"Nígbà tí nǹkan já lulẹ̀ gbì, gbogbo yín bèèrè ohun tó ṣe ọmọ náà. Ẹ̀yin," ó kọjú sí Akọ̀wé Orin, "ẹni tó jókòó síbẹ̀ lẹ bèèrè."

"Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni." Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo fẹ́ kí olórí kunkun yìí sùn ni, kó sùn kọjá ọ̀la. Agbapò tó ń dúró fún un bí kò bá lè wá mọ eré náà bí mo ṣe kọ ọ́, kò ní yọ nǹkan kan. Orin ìdágbére yẹn, torí àbúrò mi ni mo ṣe kọ ọ́. Ọdún kan gbáko ló gbà mí! Òpè kan jí dìde, ó ní kí wọ́n yọ ọ́!"

Ohùn Idẹ ti dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó dà bí ènìyàn.

"Èmi kọ́," ó ní.

"Kí lo sọ?" Akọ̀wé Orin bi í.

"Àbúrò yín ló bẹ̀ mí. Àyà ń dùn ún. Èémí rẹ̀ kì í gbé e dé ìdajì orin yẹn. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n mi á gbà pé ẹ burú. Kò lè gbà pé mi ò lè kọ ọ́.' Kí ló ná mi? Wọ́n kúkú ti ń pè mí léèyàn burúkú tẹ́lẹ̀."

Eérú ń tọ ẹni tó dà á, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n lówe. Ìyá Ò-gbà kò rò pé ó yẹ kí òun tún pa á sí Akọ̀wé Orin létí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Ti ọ̀la ńkọ́? Àwọn agbapò kúkú wà."

Ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó wò ó títí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

"Ẹ lọ bu omi fún ìyàwó yìí," ó ní. "Ẹ̀yin fúnra yín. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Wọ́n ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Akọ̀wé Orin. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó dúró níbi tí wọ́n ti fi aṣọ bo òkú náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ṣé mo lè wò ó?"

Ìyá Ò-gbà bẹ̀rẹ̀, ó sì ká aṣọ kúrò lójú ọmọ náà.

"Ẹ wò ó. Látìgbà tó ti ń kọrin fún yín, ẹ ò wò ó rí."

Akọ̀wé Orin dúró, ó ń wò ó. Ó fẹ́ di ojú, kò lè dì í.