Họ́ọ̀nù Bàbá Màrdíyyàh

"Ìbílọlá, kí ni mo wí?"

"Ẹ ní ohun tí mi ò bá mọ̀, kí n má fọwọ́ kàn án, sà."

"Rárá o. Mo ní ohun tí o ò bá mọ̀, kí o pè mí. Fóònù rẹ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

Ọ̀gá Ògúndìran gun alùpùpù rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà Ìbàdàn láti lọ ra bátìrì àti wáyà. Bó ṣe fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ní Èrúwà nìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ kẹta ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Kò tíì rìn jìnnà tí mo ti jókòó sórí àga rẹ̀, tí mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù náà. Ìdí gàrí ni ìyá mi fẹ́ kí n fi gbogbo ìsinmi wà. Ẹ̀gẹ́ ni a máa ń bó níbẹ̀ láti àárọ̀, ọwọ́ mi kì í sì í yé rùn, bí mo tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Iná ni èmi fẹ́ràn. Bí olùkọ́ físíìsì wa bá béèrè ìbéèrè, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi bẹ ìyá mi kó tó gbà kí n lọ kọ́ iṣẹ́ rìwáyà, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe. Ó gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan.

"Ẹ̀sùn kan péré," ni ìyá mi wí, ó sì na ìka kan sókè. "Bí wọ́n bá mú ẹ̀sùn kan péré wá bá mi láti ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìdí gàrí lo padà sí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ físíìsì kankan mọ́."

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni Bàbá Màrdíyyàh yọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ilé rẹ̀ ló kọjú sí tiwa, kò sì sí ẹni tó jẹ́ẹ́jẹ́ tó o ní gbogbo àdúgbò. Bí ewúrẹ́ bá ń jẹ iṣu rẹ̀, ńṣe ló máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́. Ní ti họ́ọ̀nù, ó lè lo oṣù kan láìtẹ̀ ẹ́. Bí èèyàn bá dúró sójú ọ̀nà, á rọra dúró lẹ́yìn onítọ̀hún títí tí yóò fi bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ káàsán, sà," ni mo wí, mo kúnlẹ̀.

"Káàsán, ìyá mi. Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Wọ́n lọ sí Ìbàdàn, sà."

"Ó ti o." Ó yọ iná LED kékeré méjì láti inú ọ̀rá. "Iná ọ̀kadà mi ti ń ṣe bí ojú arúgbó. Ọjà Lánlátẹ̀ ni mò ń lọ, mo sì fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bọ̀. Ilẹ̀ á ti máa ṣú nígbà tá a bá ń padà. Kò burú, n ó wá lọ́la tí ọ̀gá bá dé."

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Purity ti yà wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ mi ni Purity, kíláàsì kan náà la wà, gbogbo ohun tó bá sì rí ló máa ń ká sínú fóònù.

"Ṣé Ìbílọlá ò wá lè ṣe é ni?" ló wí, ó ti yọ fóònù. "Odindi ẹnjiníà wa! Ó yá, mo ti ń ká a o. N ó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì!"

"Mo lè ṣe é, sà," ni mo sọ. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kì í ṣe é kó mọ́.

Bàbá Màrdíyyàh wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Èyí tí mo mọ̀ níbẹ̀, mo ṣe é dáadáa. Mo de iná méjèèjì mọ́ abẹ́ iná ńlá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì gún régé débi pé Purity sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ó wá ku wáyà. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tí Ọ̀gá so ó: láti ìdí bátìrì, á gba inú fíúsì, á gba inú àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rílè, rílè ni yóò sì gbé ẹrù iná náà kí wáyà súwíìṣì má baà jó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni rílè ní. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rántí ẹsẹ̀ tó ń lọ síbi kankan.

Fóònù mi wà nínú àpò. Mo tilẹ̀ ti fọwọ́ kàn án.

"Ẹ wò ó o," ni Purity ń sọ sínú fóònù tirẹ̀, "kò tiẹ̀ wo ìwé rárá! Orí ló fi ń ṣe é!"

Ojú tì mí láti pe Ọ̀gá. Mo yọ ọwọ́ lápò, mo sì gbé rílè jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo rí wáyà méjì tó wọ ìdí họ́ọ̀nù. Mo rò ó pé ọ̀kan ni iná ń bá wọlé, èkejì ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà síbi tó ti wá. Kí ló tún kù? Mo so Táyé àti Kẹ́hìndé mọ́ ọn, mo fi tépù dì í, mo sì yí kọ́kọ́rọ́. Wọn ò tàn. Mo mi wáyà, mo gbá iná, pàbó. Níbi tí mo ti ń fọwọ́ wá a kiri ni àtàǹpàkò mi ti ba bọ́tìnnì họ́ọ̀nù.

"Pẹ́ẹ́ẹ̀!"

Táyé àti Kẹ́hìndé tàn yòò! Mo ká ọwọ́ kúrò, wọ́n kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, họ́ọ̀nù ké, wọ́n tàn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo ti ṣì í so. Bí mo ṣe máa tún un so ni mi ò mọ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?" ni Bàbá Màrdíyyàh béèrè.

Mi ò mọ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju ìyẹn lọ. Ó dé góńgó ahọ́n mi, mo sì gbé e mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tuntun ni. Tí ẹ bá ti tẹ họ́ọ̀nù, á tàn. Torí ààbò ni, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí yín, kó sì gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà."

Bàbá Màrdíyyàh mi orí, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ wo ọgbọ́n! Ìwé mà dára o." Ó fa iṣu gbọ̀ǹgbọ̀n kan yọ nínú àpò tó gbé sẹ́yìn ọ̀kadà, ó fi ta mí lọ́rẹ, ó sì lọ. Mo gbé iṣu náà délé, àmọ́ mi ò lè sọ pé inú mi dùn sí i.

Nígbà tí wọ́n kírun mọ̀gàríbì tán, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ìyá mi ń gún iṣu náà lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ họ́ọ̀nù lọ́nà jíjìn. "Pẹ́ẹ́ẹ́ẹ́ẹ̀!" Kò dáwọ́ dúró.

"Ta ló ń gbé ìyàwó nírọ̀lẹ́ yìí?" ni ìyá mi wí.

Ẹ sáà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí họ́ọ̀nù bá ti ń ké láìdákẹ́, ìyàwó ló ń bọ̀. Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà kan sáré dé, ó sì dúró níwájú ilé Bàbá Màrdíyyàh.

"Ìyá Màrdíyyàh, ẹ kú oríire o!" ló kígbe. "Baálé yín ń bọ̀ lẹ́yìn! Gbogbo abúlé tó wà lọ́nà Lánlátẹ̀ ló ti jáde wá ki wọ́n. Ìyàwó wà lẹ́yìn wọn, ó fi aṣọ funfun borí."

Ìyá Màrdíyyàh kẹ̀yìn sí i. Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ọmọ odó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èèyàn ti ń jáde. Ẹlòmíì fẹ́ wo ìyàwó, ẹlòmíì fẹ́ wo ohun tí ọmọ odó máa ṣe. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń bọ̀.

Họ́ọ̀nù yọ ní ìkóríta. Iná méjèèjì tàn yòò. Lójijì ni ohùn gé, iná kú, gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn. A gbọ́ "gbì!" Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

 Mo rò pé mo ti pààyàn. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tí mò ń pe Ọlọ́run.

Òkìtì láfún tí Ìyá Ràhmọ̀t ń kó jọ létí títì ni ọ̀kadà rọ́ lù. Bàbá Màrdíyyàh dìde, ó ń gbọn sòkòtò, orúnkún rẹ̀ kan bó díẹ̀. Ìyàwó jókòó sáàárín láfún, ó funfun látòkèdélẹ̀, ó ń wúkọ́. Ìyá Màrdíyyàh ya èèyàn sọ́tùn-ún sósì, ó tan fóònù sí i lójú. Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Màrdíyyàh ni, Ìyá Àgbà Làtíífàt, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé.

"Ìyá Àgbà! Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó?"

"Ìyàwó ta ni?" ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Sọ̀rọ̀ sókè, etí mi ti di! Láti Lánlátẹ̀ ni àbúrò mi ti ń tẹ họ́ọ̀nù. Mo ní kó dákẹ́, ó ní bóun bá dákẹ́, òun ò ní ríran!"

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Ìyá Màrdíyyàh fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kìkì Ìyá Ràhmọ̀t ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo láfún rẹ̀.

"Ta ló ṣe irú iṣẹ́ játijàti yìí?" ló béèrè.

Bàbá Màrdíyyàh gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀. "Ẹ má bú ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tó kàwé ló so ó, ó sì ṣàlàyé fún mi. Tuntun ni iná náà. Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀."

Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́sàn-án nítorí fídíò Purity, àgbàlagbà yìí sọ ọ́ láàárín èrò láìtijú, ó sì tún fi gbèjà mi. Ó dùn mí wọra. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ni màá jí lọ lọ́la.

Mo kúnlẹ̀ sínú láfún. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni mi ò mọ̀. Mo ṣì í so, mo mọ̀ pé mo ṣì í so, mo wá purọ́ fún yín pé tuntun ni. Ẹ foríjì mí."

 Mo gbójú sókè díẹ̀, mo rí ìka kan ṣoṣo tí ìyá mi nà sókè.

Bí mo ṣe padà sídìí gàrí nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bó ẹ̀gẹ́: mo bó ti ìyá mi, mo bó ti Ìyá Ràhmọ̀t, kí ó lè rí láfún míì ṣe. Mi ò ráhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, Ọ̀gá Ògúndìran àti Bàbá Màrdíyyàh jọ yọ sí wa.

"Mo wá mú ọmọ iṣẹ́ mi," ni Ọ̀gá wí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni ìyá mi dáhùn. "Àdéhùn wà láàárín wa. Ẹ̀sùn ti dé."

"Ta ló mú ẹ̀sùn wá?" ni Bàbá Màrdíyyàh béèrè jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo ni ọ̀kadà, mi ò fẹjọ́ ẹnì kankan sùn. Ọmọ yìí ló fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Ṣé ìyẹn náà wà nínú àdéhùn?"

Ìyá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wò mí, ó wo Bàbá Màrdíyyàh, ló bá pòṣé, ló bá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ti lé," ni Ọ̀gá fi kún un. "Kì í ṣe torí pé wọ́n ba nǹkan jẹ́. Ta ni kì í ba nǹkan jẹ́? Wọ́n bà á jẹ́ tán, wọ́n ní àwọn kọ́. Ìbílọlá, dìde, lọ fọwọ́."

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá tú wáyà kan tó ti jó síta lára ọ̀kadà náà, ó sì fi í hàn mí. Wáyà bọ́tìnnì họ́ọ̀nù ni mo gbé ẹrù iná méjì lé lórí, ó sì tínrín jù. Ó wá gbé rílè lé mi lọ́wọ́.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń lọ sí bátìrì?"

Purity wà nítòsí, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo wò ó, mo wo Ọ̀gá.

"Mi ò mọ̀, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Jókòó, kí n fi hàn ọ́."

Kí oòrùn tó wọ̀, Táyé àti Kẹ́hìndé ti ń tàn láti orí súwíìṣì tiwọn, họ́ọ̀nù ò sì ké pínkín. Ọwọ́ mi ni mo fi so wọ́n, Ọ̀gá kàn dúró tì mí ni.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Mo ti ń kọ òwe yẹn nílé ìwé láti kékeré, àfi ìgbà tí mo sọ arúgbó sínú láfún ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ìtìjú nínú àìmọ̀. Irọ́ tí a fi ń bò ó mọ́lẹ̀ ni ìtìjú wà nínú rẹ̀, bó sì pẹ́ bó yá, irọ́ náà á máa ké tẹ̀lé wa láti Lánlátẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Títí di òní, Ọkọ Ìyàwó ni wọ́n ń pe Bàbá Màrdíyyàh ní àdúgbò. Kì í tẹ họ́ọ̀nù fún èèyàn tàbí ẹran. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa nírọ̀lẹ́, tí iná rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ rekete, á rọra fi àtàǹpàkò kan bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan péré, "pẹ́!", mo sì mọ̀ pé èmi ló ń kí.