Ẹ̀mí Kò Rán Babárìndé Níṣẹ́

O ti fura, àbí? Ọkùnrin inú ìtàn yìí yóò yí padà kí ìwé náà tó tán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n má rò pé ọ̀mùtí ni o. Babárìndé, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Akówónjọ, kì í fẹnu kan ọtí. Aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo ìjọ lọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ kó má fi "Ẹ̀mí ló wí" dì í. Kódà, Ẹ̀mí ló máa ń sọ iye ẹran tó yẹ kí Súmbọ̀, ìyàwó rẹ̀, bù sí ọbẹ̀ rẹ̀.

Làkúrègbé mú un ní ìka, kò lè di irinṣẹ́ mú mọ́. Ọsibítù fún un ní oògùn kan, mẹtotirẹ́séètì. Wọ́n ṣàlàyé yékéyéké pé òun ni wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà. Bí ó bá kéré, a máa pẹ̀tù sí àwọn ọmọ-ogun inú ara tó ṣìnà, tó ń bá oríkèé jà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ojoojúmọ́ ń fi ikú ṣeré.

Babárìndé délé, ó ní dókítà kò mọ Bíbélì. Ṣé kì í ṣe ojoojúmọ́ fún ọjọ́ méje ni wọ́n ń mu omi àdúrà? Ààwẹ̀ ńkọ́? Súmbọ̀ rán an létí ohun tí wọ́n wí. Ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó gun àga ìwàásù.

"Ẹ̀mí ló ní kí n lò ó lójoojúmọ́. Àbí o fẹ́ bá Ẹ̀mí jiyàn ni?"

Kí ọjọ́ méje tó pé, ẹnu rẹ̀ ti bó. Omi kò ṣeé gbé mì. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì rẹ̀. Ó kọ ọsibítù, títí ibà fi gbé e lọ tí kò mọ ibi tó wà mọ́.

Orí bẹ́ẹ̀dì ló lajú sí. Dókítà Hamdalah kò fi bò fún un: àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ikọ́ lásán lè pa á, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí pé yóò yè.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa lò ó lójoojúmọ́?"

Ó lanu láti fún un ní èsì tó mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì bò ó: Ẹni tí ó ti ń fi orúkọ rẹ̀ purọ́ ni ó kù díẹ̀ kó lọ bá lójúkojú.

Ayọ̀dèjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń wàásù fún un tipẹ́, wá kí i, ó fi aṣọ bo imú kó má baà kó àrùn ràn án.

"Ayọ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀mí kò sọ nǹkan kan. Èmi ni."

"Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, jàre. Ọlọ́run náà mọ̀, síbẹ̀ ó jẹ́ kí Jésù kú fún ọ. Sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ fún mi yìí."

Babárìndé sunkún. Àdúrà rẹ̀ kò gùn: "Jésù, irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Ṣàánú mi." Ó sì yè nínú àìsàn náà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, orúkọ ta ni o fi ń bo ìfẹ́ inú tìrẹ? Ronú pìwà dà lónìí. Ọ̀la kì í ṣe tìẹ. Má sì fi àdúrà rẹ yangàn, bí ẹni pé òun ló jí àánú Ọlọ́run. Kí Babárìndé tó la ẹnu rẹ̀ gbàdúrà, Súmbọ̀ ti gbé e dé ọsibítù, oògùn tó ń borí mẹtotirẹ́séètì tó ti di májèlé lára rẹ̀ sì ti ń kán sínú iṣan rẹ̀.