Pákó Tí Ṣàràfá Kò Sin

Ọ̀sán gangan ni, nínú ọyẹ́ ọdún 1982, tábìlì ayùn Ṣàràfá sì rin gbindingbindin.

Ẹni tí kò bá gbé Kano rí kò ní mọ ohun tí mo ń sọ. Ọyẹ́ wa kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ará Ìbàdàn fi ń wọ súẹ́tà ṣakọ. Tiwa a máa la ètè, a máa la gìgísẹ̀, a máa la ògiri. Bí Ṣìkẹ́mi ìyàwó mi bá ń sá aṣọ, kó tó sá èkejì, àkọ́kọ́ ti gbẹ. Síbẹ̀, omi dúró lórí pákó Ṣàràfá.

"Ewúrẹ́ yín ti tọ̀ sí i," ni mo wí.

"Jethro, télọ̀ ni ọ́. Mójú tó abẹ́rẹ́ rẹ."

Ó fi àkísà nù ún. Mo gbóòórùn káńfọ̀.

Inú àgbàlá kan náà ni èmi àti Ṣàràfá ń gbé, lẹ́yìn France Road. Káfíńtà ni, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó ní ayùn oníná kan tó dúró lórí tábìlì irin. Ṣáájú ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, nígbà tí òyìnbó kan ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, Ṣàràfá ra rúta lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tí eyín rẹ̀ ń yí bí òkòtó, tó ń fín ọnà sí etí pákó. Ó wá fẹ́ so apá kan mọ́ tábìlì ayùn náà, kí ó lu ihò sí i, kí ó gbé rúta kọ́ sábẹ́ kí eyín rẹ̀ yọrí sókè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní London. Ibi tó jìnnà jù tí Ṣàràfá dé rí ni Zaria.

Apá náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú dọ́gba pẹ̀lú irin tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pákó tó ń tẹ́jú ní Kano nígbà ọyẹ́. Ìrókò ni o, ọ̀gánwó ni o, gbogbo rẹ̀ ń ká bí etí ajá. Mẹ́rin ló jù nù.

Àsìkò náà ni Àáfà Bàdírù, olórí àwọn tó ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá, gbé pákó tí wọ́n fi ń wẹ òkú wá. Ó ti lo ogójì ọdún, eteetí rẹ̀ kan ti jẹrà, òórùn káńfọ̀ ìwẹ̀ òkú sì wà lára rẹ̀. Ó ní kí Ṣàràfá kan tuntun, kí ó sì gbẹ́lẹ̀ sin ògbólógbòó náà bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn.

"Mo ti gbọ́, Àáfà," ni Ṣàràfá wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ń yára dọ̀bálẹ̀ báyẹn, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Àáfà kò tíì dé títì tí Ṣàràfá fi gbé rúlà lé pákó náà. Ìmọ́lẹ̀ kò gba abẹ́ rúlà kọjá. Omi ogójì ọdún ti kọ́ pákó náà ní ìwà. Ó kan tuntun fún Àáfà, ó wá gé ibi tó jẹrà lára ògbólógbòó kúrò, ó lu ihò sáàárín, ó fi bóòtù mẹ́fà dè é mọ́ ayùn. Ǹjẹ́ mo sọ fún Àáfà? Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀rín ni mo rín.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí omi yẹn ni wọ́n sin Alhaji kan tó ń ta ṣúgà ní ọjà Singer. Nígbà kejì, dẹ́rẹ́bà àgbàlagbà kan ló kú. Nígbà kẹta, mo bá Ṣàràfá níbi tó dúró ti ẹ̀rọ náà láìtan iná sí i. Kò nù ún mọ́. Omi náà ti ní ìrísí: orí, èjìká, itan.

"Ta ló kú?" ni mo béèrè jẹ́jẹ́.

"Má bi mí."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ kú, Bàbá Yàhàyá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé Ṣàràfá ń bẹ̀rù. Látìgbà tí àìsàn ti dá bàbá náà gbálẹ̀ ló ti ń sọ ọ́: "Ọwọ́ rẹ ni kó o fi wẹ̀ mí, Ṣàràfá. Wẹ̀ mí dáadáa. Má jẹ́ kí n gbé ìdọ̀tí dé iwájú Ọlọ́run." Ṣàràfá sì ti búra fún un.

Àáfà àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé pákó tuntun wá sẹ́yìn ilé, wọ́n fi ẹní yí i ká. Ọkùnrin kò pọ̀ nílé, wọ́n ní kí n máa pọnmi. Ṣàràfá da omi inú búta, kẹ́tù àlùwàlá, sí iwájú orí bàbá rẹ̀. Omi jáde lẹ́nu búta, mo fojú mi rí i. Kò dé ara òkú. Awọ Bàbá funfun, ó gbẹ. Ó da òmíràn. Pákó gbẹ. Ilẹ̀ gbẹ.

"Òun náà nìyí," ni Àáfà wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun. "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe Alhaji. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe àwọn méjì tó tẹ̀ lé e. A ní ọyẹ́ ló ń mu omi."

"Ẹ sì sin wọ́n bẹ́ẹ̀?" ni mo bi í.

"Kí la fẹ́ ṣe? Èèyàn ti tò fún àdúrà."

Ṣàràfá ju búta sílẹ̀, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. A tẹ̀ lé e. Omi ń ṣàn lórí apá ayùn, ó ń wọ ihò rúta, abẹ́ ihò náà sì gbẹ táútáú.

Àáfà fọwọ́ pa pákó náà. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ibùsùn ara rẹ̀.

"Mo ní kí o sin ín."

"Ó tẹ́jú ni, Àáfà. Wallahi, kò sí pákó tó tẹ́jú tó o."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Ṣàràfá mú sípánà láti tú pákó náà. Bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dógùn-ún, ìkankan kò mira. Oòrùn sì ti ń lọ. Ṣàràfá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún: "Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́. Mo ti búra fún un." A yọ rúta, a rẹ eyín ayùn sílẹ̀, a gbé Bàbá wá, a tẹ́ ẹ sórí apá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí irin.

Omi mú un. Ó ṣàn nírùngbọ̀n rẹ̀, ó dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ṣàràfá wẹ̀ ẹ́ tọ̀túntòsì, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, ojú Bàbá sì tú ká bí ti ẹni tó sùn.

"Ó ti mọ́," ni Àáfà wí. Wọ́n gbé e síta.

Mo ṣì ń wá àwàdà tí mo máa fi bo ẹ̀rù mi nígbà tí pákó náà tún rin. Orí kan. Èjìká. Ikùn ràbàtà. Ta ni kò mọ ikùn Alhaji yẹn ní Singer?

"Ẹ pọnmi wá," ni Àáfà wí.

"Ta la tún fẹ́ wẹ̀?"

"Àwọn tí a kò wẹ̀."

Ṣàràfá da omi sórí òfìfo, Àáfà ń ṣàdúrà. Ìrísí náà gbẹ. Òmíràn dùbúlẹ̀, a wẹ̀ ẹ́. Ẹnì kẹta dùbúlẹ̀, a wẹ̀ ẹ́, ó gbẹ. Mo gbé korobá kalẹ̀. Mo ní ó parí.

Pákó rin.

Èyí kéré, èjìká rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ní orí rẹ̀, omi náà là sí ọ̀nà tóóró tóóró tó ń gòkè lọ sí àtàrí, bí ṣùkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Kíá ni Àáfà kọjú sí ògiri.

"Obìnrin wo ló kú?" ni Ṣàràfá béèrè.

"Látìgbà tí a ti gba pákó tuntun, kò tíì sí. Eléyìí ṣì wà láàyè." Kò yíjú padà. "Ọkùnrin kì í wẹ obìnrin. Jethro, lọ pe àwọn obìnrin wá."

Mo jáde. Amudat ìyàwó Ṣàràfá, Rahinat àbúrò rẹ̀, àti Ṣìkẹ́mi tèmi, wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, gèlè ti tú lórí wọn. Ṣùkú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì, ọwọ́ kan náà ló dì í fún wọn. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ń dúró de ẹni tí mo máa kọ́kọ́ pè.