Ẹja Tó Wà Láàyè Lọ́jọ́ Àlejò

Aránṣọ kan ní àdúgbò wa ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì gbójú sókè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni. Ọmọ tirẹ̀ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, nínú yàrá ìwádìí kan ní yunifásítì. Ọmọbìnrin méjì wọlé, wọ́n tan iná, wọ́n sì rí ẹja mẹ́ta tó léfòó nínú àpótí dígí, tí ikùn wọn kọjú sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ni ọmọ aránṣọ yìí. Èkejì ni ọmọ tí àbúrò aránṣọ náà obìnrin, tó ti dolóògbé, fi sílẹ̀, ọmọ gíga kan tí kò sanra, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́. Orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń sùn láti kékeré. Wọ́n ti ṣe ìdánwò àṣejáde girama, wọ́n ń retí èsì, ọ̀gá ilé-ìwé wọn ló sì bá wọn wá iṣẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá náà ti ṣe ìyẹ̀fun kan. Tí wọ́n bá da ìyẹ̀fun náà sínú omi kànga tó rú, omi á tòrò, á mọ́ gaara. Ohun tó kù ni láti mọ̀ bóyá ohun ẹlẹ́mìí lè gbé inú omi bẹ́ẹ̀ kó má kú. Ìdí nìyí tí ẹja fi wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ló ń fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n sì ń nu dígí. Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fún wọn: ẹja tó bá kú kò gbọdọ̀ kúrò nínú omi títí òun á fi fi ojú ara òun rí i.

Ní àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo ará yunifásítì náà, àtọ̀gá àtawakọ̀. Wọ́n fẹ́ bọ́ sí ipò kìíní láàárín àwọn yunifásítì tó ń ṣe ìwádìí. Àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ láti òkèèrè, ìyẹ̀fun Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ni wọ́n sì fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Wọ́n kun ògiri, wọ́n gé koríko, gíwá yunifásítì fúnra rẹ̀ sì ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn láti rí i pé gbogbo nǹkan wà létòlétò. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹja mẹ́ta léfòó yìí gan-an ló kan yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nílé aránṣọ, a kì í jẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ náà nìyẹn. Ó mú àwọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkú ẹja jáde.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ rán an létí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

“Ṣé òkú lo fẹ́ fi kí gíwá káàárọ̀ ni?” ni ọmọ aránṣọ wí. Àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja lẹ́yìn ilé, ó mú mẹ́ta tó ń ta pọ́ún pọ́ún, ó sì fi wọ́n dípò. Gíwá wá, ó wò ó, ó yìn ín, ó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn. Ó ń wo àpótí náà. Àwọn ẹja tuntun kéré sí àwọn yòókù, ọmọdé pàápàá á rí i. Ó yíjú sí ọmọ aránṣọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ọwọ́ rẹ mọ́.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọmọ tó bá ní irú làákàyè yẹn kò yẹ kó jókòó sílé. Bí yunifásítì bá bọ́ sí ipò kìíní, òun fúnra òun á rí i pé ó wọlé. Ọmọ náà kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí ayọ̀. Ní ìdílé wọn, kò sí ẹni tó kàwé dé yunifásítì rí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń tètè jí. Kí Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ tó dé, òkú ti jáde, alààyè ti wọlé. Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè é ní ajíǹde ẹja. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó béèrè pé tí àwọn ènìyàn bá wá ń mu omi yìí ńkọ́. Ọmọ aránṣọ ní ta ló ní kí wọ́n mu ún.

Ọjọ́ àwọn olùyẹ̀wò pé. Yàrá kún fọ́fọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ títí, àwọn ẹja sì ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín àwọn àlejò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá ara àwọn ẹja náà máa ń dá.

“Wọ́n máa ń kú, mà,” ni Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ dáhùn. “Àárọ̀ òní náà, mo rí òkú tí wọ́n kó jáde.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọdé òde òní, kò sóhun tí wọn ò lè sọ. Ó wá nawọ́ sí ọmọ aránṣọ. “Ìwọ náà ò kúkú fọ́jú. Ǹjẹ́ ẹja kankan kú?”

Ká ní ó sọ “rárá” lásán ni, ìyẹn náà ti burú tó. Ṣùgbọ́n ó rí ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó rí ojú gíwá, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́.

“Rárá, sà. Ẹ má dá a lóhùn. Àtìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń purọ́ bẹ́ẹ̀. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, mo mọ̀ ọ́n.”

Ìyá àlejò náà fi ọwọ́ pa Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ lórí, ó ní “pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ó sì káàánú rẹ̀. Àánú yẹn dùn ún ju kí ó gbá a létí lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ funfun tó wọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ya léjìká. Ọmọ aránṣọ ni wọ́n ní kó gba aṣọ funfun náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà á, ó sì ká a dáadáa.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé àdúgbò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ tó bá ń kọjá pé, “Ìyá ẹlẹ́ja, mélòó ló tún kú?” Ọ̀gá ilé-ìwé ní ó ti dójú ti òun, òun ò sì ní jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀ níbikíbi. Láìsí ẹ̀rí yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ wo ni yóò gbà á? Aránṣọ alára nà án. Ó nà án nítorí pé ó ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́. Ọmọ aránṣọ jókòó sórí ẹní, ó ń gbọ́ ẹgba, kò sọ̀rọ̀.

Yunifásítì bọ́ sí ipò kìíní. Wọ́n gbé pátákó ńlá sí ẹnu géètì. Ọmọ aránṣọ wọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ rán fún un, ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n láti gba èrè rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní kó jókòó.

“Mi ò lè ní irú rẹ nítòsí,” ló sọ. “Ẹni tó fi òkú ìyá ọmọ ẹbí rẹ̀ ṣẹ̀sín níwájú àlejò, lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá bi í nípa mi, kí ni kò ní sọ?”

Ó ní kó ti ilẹ̀kùn tó bá ń jáde.

Ọmọ náà sunkún délé, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Aránṣọ ti na ọmọ aláìlóbìí nítorí òtítọ́. Ó ní kí ọmọ tirẹ̀ lọ sọ ọ́ lójú ọ̀nà, níbi tí gbogbo ayé ti ń pe Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ní òpùrọ́, ó ní gbangba ni wọ́n ti bà á jẹ́, gbangba ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti tún un ṣe.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ wà nínú yàrá, ó ń di ẹrù. Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀ rí, láti lọ máa fọ abọ́ fún wọn. Ọmọ aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohùn kékeré kí àwọn tó wà níta má baà gbọ́.

“Ṣé wàá sọ ọ́ níta?” ni Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ béèrè.

Ẹ̀rín àwọn ọ̀dọ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ọmọ aránṣọ gbọ́ ọ, ó ro orúkọ tí wọ́n máa pe òun náà, ó sì tẹ orí ba.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ gbọ́. Ẹni tó ní kí o purọ́ fún òun kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ọ láéláé, nítorí òun ló kọ́kọ́ rí ohun tí o lè ṣe. Ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kò sì lè tún orúkọ tí a bà jẹ́ ní gbangba ṣe.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ lé orí. Láti kékeré, “ìwọ” ni wọ́n máa ń pe ara wọn. Lọ́jọ́ náà, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pàdé àjèjì lọ́nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi.”

Ó kọjá lára rẹ̀, ó kọjá lára aránṣọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gba àárín àwọn ọ̀dọ́ náà kọjá, wọ́n sì ń bi í léèrè ẹja. Kò yára, kò sì bojú wẹ̀yìn.